Àkùkọ Tó Fẹ́ Dá Ìràwọ̀ Jẹ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Mo ní ààlọ́ o! Àbí àgbàdo ló dí yín lẹ́nu?"

"Ààlọ̀ ooo!"

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò dúró lẹ́sẹ̀ Ìjàpá lónìí, ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti sú mi. Ó lọ dúró gbọin lẹ́nu Àkùkọ gàgàrà, ó sì dúró lọ́rùn Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀.

Mo ní lọ́rùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọrùn ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, kò rí ojú sánmà rí. Ilẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, á ní, "Ta ló ń da omi sí mi lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn?" Ìyá tó bí i kú láìrí sánmà, ìyá ìyá rẹ̀ náà kú bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú wọn, lọ́dọọdún, nígbà tí àgbàdo bá gbó tí òjò sì sinmi díẹ̀, ìràwọ̀ a máa já lójú sánmà fún òru ọjọ́ kan péré. Ẹni tó bá sùn, ó di àmọ́dún. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo ti ń dàgbà. Bí n kò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní í rí i mọ́." Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ẹranko. Wọ́n gba ilé Àkùkọ lọ, nítorí òun ló mọ àsìkò jù láàárín wọn. Orin ni wọ́n ń kọ lọ. Ẹ gbè é o:

*Àkùkọ, ìgbà wo ni ká jí?*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Ṣé alẹ́ ni tàbí ìdájí?*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Ọrùn ìyá kò gbókè,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Kó rí i lẹ́ẹ̀kan péré,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!

Wàyí o, Àkùkọ mọ àkókò náà dáadáa. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí oṣù bá ti wọ̀, tí ilẹ̀ kù díẹ̀ kó mọ́, ìgbà náà ni ìràwọ̀ ń já jù. Ṣùgbọ́n Àkùkọ rò pé àgbàdo ni ìràwọ̀. Àgbàdo sísun! Ó ní bí gbogbo ìlú bá jí, kí ló máa kù fún òun? Máa rẹ́rìn-ín, Bọ́sẹ̀dé, ìwọ tó o dá àgbàdo mẹ́ta jẹ lálẹ́ yìí.

Àkùkọ wúkọ́. "Ọ̀la ni. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí."

"Ọ̀sán kẹ̀, Bàbá Àkùkọ?" Ìyá Ewúrẹ́ ló bi í.

"Ìyá Ewúrẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ṣé inú òkùnkùn lẹ ti ń wá a?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú na gbalaja lórí àpáta, wọ́n ranjú mọ́ oòrùn. Omi ń bọ́ lójú wọn pòròpòrò. Pẹ́pẹ́yẹ pariwo, "Mo rí ọ̀kan!" Eṣinṣin ni.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ dojú bolẹ̀ láàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ròyìn rẹ̀ fún mi."

Wọ́n bá ń ròyìn eṣinṣin fún un. "Ó dúdú. Ó níyẹ̀ẹ́. Ó ti bà sí imú Ìyá Ewúrẹ́."

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Ṣé ohun tí mo ti ń sunkún lé lórí náà nìyí?"

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ti rẹ gbogbo wọn tẹnutẹnu. Wọ́n sùn fọnfọn. Ohun tí Àkùkọ sì ń fẹ́ nìyẹn.

Oṣù wọ̀. Àkùkọ yọ́ jáde, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́rùn. Ó wòkè. Fìì! Ọ̀kan já. Fìì! Fìì! Méjì, mẹ́wàá, ogún! Sánmà mọ́lẹ̀ yòò. Ẹ̀yin ọmọ, bí àkùkọ bá rí ìmọ́lẹ̀, ṣé ó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́?

"Rárá o!"

"Kùkùrúùkúùù!" Ó fi ìyẹ́ dí ẹnu. "Kùkùrúùkúùùù!" Gbogbo ìlú tú jáde gìrìgìrì.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ náà jí nínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Ó rí nǹkan tó ń tàn yanranyanran nínú omi iwájú rẹ̀. Àkùkọ náà rí i. "Àgbàdo mi!" Ó fò, ó kó sínú ẹrẹ̀, pàà! Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó yí gbiri, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè.

Ojú rẹ̀ bá sánmà pàdé, ìràwọ̀ ń já lọ́tùn-ún lósì.

Wọ́n sáré wá gbé e. Ó pariwo, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí o! Ẹni tó bá gbé mi dìde, ìjà la máa jà!" Omijé ayọ̀ ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀. Ó dá orin:

*Ìyá mi kò rí i rí,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Ìyá rẹ̀ kò rí i rí,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Ẹ̀yìn mi wà lẹ́rẹ̀,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!
*Ojú mi ti dókè,*
— Ìràwọ̀ ń já bọ̀!

Gbogbo wọn dùbúlẹ̀ tì í, wọ́n ń wò títí ilẹ̀ fi mọ́. Àkùkọ nìkan ni kò rí nǹkan kan. Ẹrẹ̀ ti bò ó lójú, ó ṣáà ń ṣá ẹrẹ̀ jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń yíràá nínú ẹrẹ̀ títí dòní: sánmà ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí àkùkọ fi ń tú ilẹ̀ kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé: ohun tí Ọlọ́run gbé sókè fún gbogbo ojú, kí ẹnì kan má ṣe rò pé òun á dá a jẹ. Ẹni tó bá fi irọ́ dí ẹlòmíì lójú, ojú tirẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa bò.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí àkùkọ ilé wa má kọ lọ́la. Bọ́sẹ̀dé, fún àbúrò rẹ ní àgbàdo tó kù lọ́wọ́ rẹ yẹn, kó o tó lọ sùn.