Ìdì Àkísà Ìyá Àjàgbé

Ní ìlú Ìdí-Òrí, níbi tí ilẹ̀ koríko ti parí tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, ni Láwọyin ń gbé pẹ̀lú Ìbídùn ìyàwó rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àjàgbé, àkọ́bí wọn, ti bá òwò iyọ̀ lọ sí ìlú Orísun ní òdì kejì aṣálẹ̀, ó sì ti gbéyàwó síbẹ̀. Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀, ló wà nílé pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹlú pa òwú rẹ̀ láró, òun náà ló ń hun ún, nígbà tó sì fi pé ọmọ ogún ọdún, aṣọ inú àpótí rẹ̀ ti tó ti ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Lọ́jọ́ kan, oníyọ̀ kan dé láti Orísun. Ó ní ìyàwó Àjàgbé ti bí ọkùnrin, ọmọ náà sì pé ọjọ́ márùn-ún lónìí. Àjàgbé ránṣẹ́ pé bàbá òun ni òun fẹ́ kó wá sọ ọmọ náà lórúkọ. Ó yẹ ká rántí pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ láyé ìgbà náà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sì ni aṣálẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá gbéra ní ìdájí ọ̀la, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ ni wọn yóò wọlé. Kò sí àyè fún ìdádúró rárá.

Láwọyin fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ti gba ọ̀nà náà láìmọye ìgbà nígbà tí ara ṣì le, ṣùgbọ́n orúnkún náà ti kọṣẹ́.

"Ọmọ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi máa bí," ó ní. "Ṣé ẹlòmíràn ni yóò wá sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bàbá, a ó lọ," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ẹ fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ó sì mọ ètò ṣe lóòótọ́. Ó yá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ládùúgbò, ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ máa gùn, ọ̀kan fún ẹrù. Ó pọn omi sínú kèrègbè mẹ́fà, méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó di àádùn àti ẹran gbígbẹ. Ó mú ẹní kan tí wọn yóò fi ṣe ìbòòji lọ́sàn-án, nítorí bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ènìyàn ń rìn nínú aṣálẹ̀, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í báni ṣeré. Lẹ́yìn náà ló wá ká òfì aláró tuntun mẹ́ta lé ẹrù lórí, èyí tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Bó ṣe ń di ẹrù náà lọ́wọ́ ni ìyá rẹ̀ gbé ìdì ràgàjì kan jáde.

"Kí lèyí, Ìyá?"

"Àkísà mi ni."

Àwẹ̀ró tú u wò. Ó rí ògbólógbòó ìró, ọ̀já tó ti gbó, àti ẹ̀wù bàbá rẹ̀ kan tí kò lápá mọ́. Gbogbo wọn ti ṣá, wọ́n sì rọ̀ bí òwú.

"Ìyá, ibi ìsọmọlórúkọ là ń lọ. A ò lọ nulẹ̀ fún wọn."

"Èmi mọ ẹni tí mo ń gbé e lọ fún."

"Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́, ẹ ṣí àpótí mi. Iye aṣọ tẹ́ ẹ ní, mo ní in."

"Mo mọ̀. Ṣé o ní àkísà?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n ní i."

Bàbá rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Àwẹ̀ró, rọra o. Èmi náà wà lára àkísà tí ìyá rẹ kò dà nù."

"Ẹ̀yin lẹ gbó jù nínú wọn, Bàbá Àjàgbé," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì.

Àwẹ̀ró ní kò sí àyè lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìbídùn ní òun kò bẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, orí òun ṣófo. Nígbà tó di ìdájí, tí wọ́n gbéra, orí rẹ̀ ló gbé ìdì àkísà náà lé.

Ọjọ́ kìíní lọ ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Àwẹ̀ró kò rò. Kí ẹrù má baà tóbi, ó so àwọn kèrègbè náà mọ́ra wọn típẹ́típẹ́, kò fi nǹkan kan sáàárín wọn. Láti odò dé ilé, èyí kò lè ṣe nǹkan. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ti odò sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì yanrìn kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹrù kọsẹ̀. Kèrègbè mẹ́ta péré ló ṣì lómi nínú. Wọ́n kọlu ara wọn gbàgà. Ọ̀kan fọ́ yángá, yanrìn sì mu omi rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Méjì yòókù là lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi wọn sì ń jò.

Àwẹ̀ró fa òfì kan yọ, ó fi di ojú ibi tó là. Aṣọ tuntun náà le koránkorán, kò wọlé. Ó ní kí òun ya díẹ̀ níbẹ̀, kò ya; òun fúnra rẹ̀ ló hun ún, ó sì hun ún dáadáa. Omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ti di aró.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "omi ń lọ."

Ìbídùn ti sọ ìdì rẹ̀ kalẹ̀. Ó yọ ògbólógbòó ọ̀já náà, ó fi ìka méjì ya á. Ó fi òrí tí ọkọ rẹ̀ fi ń pa orúnkún ra á, ó sì rọra ń fi èékánná tì í bọ ojú ibi tó là.

"Èyí ni mo fi pọn ẹ̀gbọ́n rẹ," ó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Òun náà ni mo fi pọ̀n ẹ́. Ìgbà tí mo ti fọ̀ ọ́ kò lóǹkà. Kò sí aró tó kù nínú rẹ̀ tó máa ba omi jẹ́."

Ó di kèrègbè kejì bákan náà, ó sì fi ìró gbígbó wé àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà tún kan ara wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀kán omi kan rọ̀ mọ́ ojú ibi tó là, kò já bọ́.

Àwẹ̀ró fi ìka kan ibi tí ìyá rẹ̀ dí. "Ìyá, bí mo bá fẹ́ ní irú èyí, báwo ni mo ṣe máa ṣe é?"

"Wọ aṣọ rẹ. Fọ̀ ọ́. Fi pọn ọmọ. Tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó o ní sùúrù."

"Títí di ìgbà wo?"

"Bi bàbá rẹ. Òun ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ń tọ́ omi náà lá díẹ̀díẹ̀, ó sì tó wọn. Bí oòrùn ọjọ́ kẹjọ ti ń wọ̀, wọ́n dé Orísun. Igbe ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Àjàgbé, tó fẹ́ fi ẹ̀yẹ gba àkọ́bí rẹ̀, ti ra aṣọ tuntun, òun ni wọ́n sì fi ń wé ọmọ náà. Aṣọ náà le, ó ti ha á lára. Ilé wọn kò tíì pẹ́ tó láti ní ohun gbígbó kankan. Ìbídùn tú ìdì rẹ̀, ó yọ ẹ̀wù aláìlápá ti Láwọyin, ó sì fi wé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tó ṣẹ́kù nínú kèrègbè tí wọ́n fi àkísà dí ni Láwọyin fi kan ọmọ náà lẹ́nu kó tó pe orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró wọ òfì rẹ̀, àmì omi ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé bi í léèrè ohun tó gbé wá fún ọmọ.

"Aṣọ nìkan ni mo ní," ó dá wọn lóhùn. "Ìyá mi ló ní àkísà."

Àwọn tó gbọ́ ọ gbé ọ̀rọ̀ náà délé wọn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.