Ẹbọ Àwọn Tí Ojú Kò Rí

Ojú-kò-rí-wọn-iṣẹ́-wọn-là-ń-rí, awo abẹ́ ilẹ̀, ló yẹ ọ̀ràn wò fún Ládùúntán, opó kan ní Òkè-Ìrẹ̀, lọ́jọ́ tó ń sunkún tòmátì.

Orí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kọ́ ilé ọ̀rá sí, níbi tó ń gbin tòmátì tí òjò kò fi lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti dàgbà díẹ̀, ewé á ṣì tutù, gbogbo rẹ̀ á ti sorí kodò. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ léraléra. Àwọn àgbà ẹbí wá ní bí tọdún yìí bá tún rọ, àwọn yóò gba ilẹ̀ náà fún Ògúnṣọlá, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ilé ọ̀rá tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ yìí nìkan sì ni Ládùúntán fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Tòmátì Ògúnṣọlá náà ti ń rọ, bó tilẹ̀ ń fi pamọ́. Àwọn méjèèjì jọ tọ Efúnyẹmí lọ, ìyá awo tí mo kì níbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ó bu ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá, ó gbé e sí imú, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ládùúntán ní kí òun tó gbìn, òun a máa fi omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ìkòkò, kí àrùn má baà kù síbẹ̀. Ògúnṣọlá ní bẹ́ẹ̀ ni tòun.

"Òórùn òjò àkọ́rọ̀ kò sí lára ilẹ̀ yìí mọ́," ni ìyá wí. "Àwọn ẹ̀dá kékeré tí ojú kò rí, tí ń ṣọ́ gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ẹ ti sè wọ́n mọ́ àrùn. Àrùn padà wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò padà."

Ó yan ẹbọ fún wọn: kí wọ́n bu ilẹ̀ dúdú ìdí igi ìyeyè, níbi tí ewé ti ń jẹrà, kí wọ́n pò ó mọ́ omi ògì àti oyin, kí wọ́n bò ó títí yóò fi kan tí yóò máa hó láìsí iná, kí wọ́n ri gbòǹgbò ọ̀gbìn bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbìn ín. Omi gbígbóná àti oògùn di èèwọ̀.

Ògúnṣọlá ní òun kò ní fi ìdọ̀tí ààtàn ba ilé òun jẹ́. Oògùn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ ló lọ rà. Ládùúntán rúbọ, ṣùgbọ́n tòmátì rẹ̀ ń falẹ̀, ti Ògúnṣọlá ń sáré. Lọ́jọ́ kan Ládùúntán tilẹ̀ gbé omi kaná láti dà á sílẹ̀ náà, ó tún sọ̀ ọ́. Ẹ má fi ṣẹ̀sín o. Ẹbọ tí a kò rí ẹni tó ń jẹ ẹ́ nira láti rú.

Nígbà tí èso ń pọ́n, àwọn àgbà dé. Ti Ògúnṣọlá ti sorí kọ́ láti ebè dé ebè. Olórí ẹbí fa ọ̀kan tu. Ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, gbòǹgbò ti jẹrà. Ó wọ ilé ọ̀rá Ládùúntán, níbi tí èso ti pupa fòò. Ó fa ọ̀kan níbẹ̀ náà, kò tu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tu tòun ti òkìtì ilẹ̀ tó dì mọ́ gbòǹgbò.

Bàbá wò ó pẹ́.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ohun tí ilẹ̀ bá dì mú báyìí, àwa kọ́ la ó gbà á. Máa gbin ilẹ̀ rẹ."

Ládùúntán sunkún níwájú gbogbo wọn, kò sì tijú. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú, tòmátì ló ká. Ẹni tó pè é ní ìdọ̀tí, àbámọ̀ ló ká.