Òkédìran Dí Ọ̀nà Mẹ́rin

Òkédìran àti Lánihún jọ dàgbà ní ìlú Ìdóyè ni. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, oko baba wọn sì fara kan ara. Nígbà tí wọ́n di géńdé, Òkédìran bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ. Ó rẹwà lọ́kùnrin, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ débi pé bó bá ń polówó, ẹni tí kò fẹ́ rà gan-an á dúró gbọ́ ọ. Lánihún ní tirẹ̀ ń hun ẹní. Ó máa ń kólòlò díẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí ẹlẹ́nu.

Ó ṣe, Pàràkòyí, olórí àwọn oníṣòwò ìlú, dágbére fáyé. Ní Ìdóyè, wọn kì í fi oyè náà fún ẹni tí kò tíì sọ inú rẹ̀ síta. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sábẹ́ igi odán ọjà ní ọjọ́ ọjà kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́, lè wá bi í pé, “Kí lo gbà gbọ́ nípa ìlú?” Kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ dìde títí oòrùn yóò fi wọ̀. Òkédìran ti fọkàn sí i pé òun nìkan ni yóò jókòó. Àfi bó ṣe gbọ́ pé Lánihún náà yóò jókòó.

Ó bá a nídìí ẹní tó ń hun. “Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà?”

“È-èmi náà. Àwọn ará àdúgbò Odò ló ní kí n jáde.”

Òkédìran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Òun ló kọ́kọ́ jókòó. Nígbà tí wọ́n bi í, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, “Ìlú kan, ọ̀rọ̀ kan! Bí orí méjì bá wà lórí ọrùn kan, abàmì nìyẹn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ẹni tó gbọ́n sọ̀rọ̀, kí ìyókù tẹ̀lé e. Ètò ló ń gbé ìlú ró.” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “O káre!” Wọ́n sì gba ilé wọn lọ.

Ní ọjọ́ ọjà kejì, ó kan Lánihún. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ata ló bi í. Lánihún ronú títí, àwọn kan ti ń yínmú. Ó wá ní, “Ìyá, mo gbà pé k-kò sẹ́ni tó mọ ìlú tán. Mo mọ àdúgbò tèmi, ẹ̀yin ẹ mọ tiyín. Bí mo bá joyè, màá bèèrè kí n tó pàṣẹ. Bí mo bá ṣì í, ẹ sọ ọ́ fún mi lójú mi.”

Ìyá náà ní, “Hẹn-ẹn! Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ta ló bi mí ní nǹkan kan rí?” Ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sílé.

Ọjọ́ kejì, Òkédìran wà nínú yàrá nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, ń lọ ata lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ tó ń sọ fún aládùúgbò wọn pé, “Lánihún ní òun á máa bèèrè kí òun tó pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.” Háà! Ìyàwó tirẹ̀! Òkédìran jáde sí i.

“Àyọ̀ká, èmi ńkọ́? Kí ni mo sọ ní ọjọ́ tèmi?”

Àyọ̀ká dá ọlọ dúró. “Ẹ sọ̀rọ̀ tó dùn, Baba Tóóyè.”

“Mo ní kí ni mo sọ?”

Obìnrin náà ronú lọ, ó ronú bọ̀. “Ó dùn gan-an ni, ẹ jọ̀ọ́.”

Òkédìran ti iṣu ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ta ni kò jowú rí? Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ti Òkédìran ti di àìsàn. Bí Lánihún bá wúkọ́, inú á bí i. Bí ẹnìkan bá ra ẹní, á bèèrè pé kí ló dé tí kò ra aṣọ.

Nígbà tí ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, Baálẹ̀ ní kí kálukú fi oṣù kan ṣe àkóso ọjà bó ti gbà gbọ́, kí gbogbo ayé rí i. Òkédìran ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà márùn-ún ló wọ ọjà Ìdóyè, láti àdúgbò márùn-ún. Ọ̀nà Odò gba iwájú ilé Lánihún kọjá. Àwọn obìnrin a máa sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, wọn a fi ẹ̀dùn ọkàn wọn tó o létí, wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Òkédìran kò lè gbà. Ó ní kí wọ́n fi ọparun àti ẹ̀gún dí ọ̀nà mẹ́rin, kó ku ọ̀kan ṣoṣo tó gba iwájú ilé tirẹ̀. Ó ní nítorí ètò ni. Irọ́ ni! Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà Lánihún ni.

Lánihún wá bá a. “Òkédìran, b-bó o bá ń bá mi jà, o mọ ilé mi. Ọjà ò ṣẹ̀ ọ́. Ṣí ọ̀nà fún wọn.”

“Ta ní ń bá ẹ jà? Oṣù ta ni?”

“Oṣù rẹ ni. Mi ò ní fọwọ́ kan ọgbà rẹ.”

Ní ọjọ́ ọjà kẹta nínú oṣù Òkédìran, ọyẹ́ ń fẹ́ gidi. Epo gbiná nínú agbada alákàrà kan lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù náà. Kí wọ́n tó bomi wá, iná ti ran koríko orí ìsọ̀ mẹ́fà. Èrò ọjà sá lọ sí ọ̀nà Odò, wọ́n bá ọgbà. Wọ́n sá lọ sí ọ̀nà Òkè, ọgbà ni. Òkédìran wà lẹ́nu ilé rẹ̀, iná wà láàárín òun àti ọjà, ó ń gbọ́ igbe wọn. Àyọ̀ká wà nínú ọjà náà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

“Àyọ̀ká o!” Ó fẹ́ kó sínú iná, wọ́n dì í mú. Ó já gbà, ó sáré yí ẹ̀yìn ìlú ká lọ sí ọ̀nà Odò.

Lánihún ló bá níbẹ̀. Ó ń fi àdá ṣá ọgbà láti ìta, ẹ̀gún ti fa apá rẹ̀ méjèèjì ya. Èrò ń tú jáde láti ojú ihò tó ti là. Ibẹ̀ ni Àyọ̀ká ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan lábẹ́ ikùn, èkejì ní èjìká Lánihún. Ẹ gbọ́ o, nígbà yẹn pàápàá, owú tún ta Òkédìran nínú! Ó tijú ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán gbá ẹ̀gún mú, ó ń fà á tu.

Àyọ̀ká wò ó. “Baba Tóóyè, àwa lẹ dí ọ̀nà mọ́.” Ó kọjá lọ.

Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ogún ìsọ̀ ló jóná. Baálẹ̀ pe Òkédìran pé kí ó wá sọ ìdí tó fi dí ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò tún sọ̀rọ̀ dídùn.

Ó dọ̀bálẹ̀. “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Kì í ṣe ètò. Owú ni mo ń jẹ. Wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.”

Wọ́n fi Lánihún jẹ Pàràkòyí, wọn ò dúró de oṣù tirẹ̀ mọ́. Ó bèèrè lọ́wọ́ èrò ọjà ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe sí Òkédìran. Wọ́n ní ọgbà tó ní kí wọ́n ṣe, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Ó ń tú èyí tó gbẹ̀yìn nígbà tí àlejò kan tó ru iṣu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ọ̀nà ọjà níbí?”

Òkédìran wo ọ̀nà ilé tirẹ̀. Ó wo ọ̀nà Odò, níbi tí àwọn obìnrin ti sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n ń bá Lánihún rẹ́rìn-ín. 

“Gbogbo wọn ni,” ló wí. “Gba èyí tó bá sún mọ́ ọ.”

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń fi í pòwe pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.