Awò Tí Bàbá Yóò Fi Wo Ẹ̀gà

Ẹ gbọ́ bí Ìyá Mobọ́lárìn ṣe fi ẹ̀gà kan ṣẹ́gun Ọ̀gá Adéṣíyan, tó ń ta awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ní Dùgbẹ̀. Ìyá fẹ́ ra ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, aṣọ́gbó tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ràn ẹyẹ ju oúnjẹ lọ. Awò mẹ́ta ló wà lórí àtẹ, ti àárín sì ni owó Ìyá ká. Ọ̀gá gbé èyí tó tóbi jù, tó wọ́n jù, dání, ó ní, “Mi ò ní ta ti àárín fún yín, àfi tí ẹ bá mú kí èmi fúnra mi fẹnu ara mi sọ pé ó sàn ju ńlá yìí lọ.” Ìyá ní, “Ó dáa. Ẹ fi ńlá yẹn wo ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ ọ̀ọ́kán yẹn. Kí ló gbé sẹ́nu?” Ọ̀gá wò ó títí, awò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyẹ ń jó lójú rẹ̀. Ó ní, “Kò dúró sójú kan.” Ìyá na ti àárín sí i. Ọ̀gá wò ó, ó ní, “Imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ó ń hun ìtẹ́.” Ìyá ní, “Ẹnu yín ló sọ ọ́ yẹn, ọ̀gá.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó dì í fún un. Nígbà tí Ìyá délé, ọwọ́ Bàbá, tó ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́, kò lè gbé èyí náà dúró. Ìyá bá jókòó síwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbé e lé èjìká mi.” Bàbá gbé e lé e, ẹyẹ sì dúró sójú kan.