Bí Ọ̀kété Ṣe Joyè Ahọ́n Ọba

Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Ohùn yín kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé iyán alẹ́ yìí ló ti pa yín ni? Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi rìn títí, ó gun ọ̀pẹ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀kété.

Ní ìgbà kan rí, Erin jọba lórí gbogbo ẹranko. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn adẹ́mu ìlú a gbé ẹmu wá sí ààfin. Mẹ́ta ni wọ́n: Ọ̀bọ, Ẹdun àti Ọ̀kẹ́rẹ́. Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ bu mu lójú gbogbo ènìyàn, kí ọba tó fẹnu kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, Erin yóò ti imú gígùn rẹ̀ bọ akèrègbè, yóò gbọ́ òórùn ẹmu náà dáadáa. Ẹni tí ẹmu rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á gba igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pẹ rẹ̀ a sì di ti ọba.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀fìnkìn mú Erin. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí imú yẹn ṣe gùn tó, ẹ wá wo ọ̀fìnkìn tó dí i. Kábíyèsí kò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́, kò sì mọ dídùn yàtọ̀ sí kíkan. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò bá òun tọ́ ẹmu wò.

Ọ̀kété bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, bí ahọ́n mi yìí bá kan ẹmu lẹ́ẹ̀kan, mo lè sọ ọ̀pẹ tó ti wá, mo lè sọ ìgbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì lè sọ oúnjẹ tó yẹ kó bá a rìn."

"Oúnjẹ kẹ̀?" ni Erin wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ẹmu kì í dá rìn. Ẹni tó bá fi oúnjẹ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu mu ẹmu, omi lásán ló mu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Erin létí. Ó fi Ọ̀kété joyè Ahọ́n Ọba.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún pé, Ọ̀kété bẹ̀rẹ̀ sí í yà kiri ilé àwọn adẹ́mu. Ó dé ilé Ọ̀bọ, ó bu ẹmu, ó fi fọ ẹnu, ó dijú. Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Orí ọ̀pẹ ni èyí sùn mọ́jú. Ó dùn ní ṣóńṣó ahọ́n, ó wá kan díẹ̀ ní ọ̀fun. Ìgbín ló bá a mu. Fi àlùbọ́sà dín ogún wá." Ọ̀bọ wá ìgbín kiri títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ọ̀kété jẹ mẹ́jọ níbẹ̀, ó kó méjìlá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó dé ilé Ẹdun. "Ẹmu ọ̀sán ni tìrẹ. Ó ń hó, ó ń ta, ó le. Iṣu sísun àti epo pupa ló lè bá a ṣọ̀rẹ́. Kí iṣu náà ga jù mí lọ o."

Ó wá dé ilé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pẹ mẹ́ta tí bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ fi sílẹ̀ fún un ni gbogbo ohun tó ní. Ara wọn ló ti ń bọ́ ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, àti ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kété bu ẹmu rẹ̀ mu. Ẹmu náà dùn débi pé ó gbàgbé láti dijú. Igbá kan, igbá méjì, igbá kẹta, kó tó rántí pé olóyè ni òun.

Ó húkọ́. "Ẹmu òwúrọ̀ ni èyí. Ó tutù, ó dùn, kò tíì mọ ìjà. Ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ ló bá a mu. Àrọ̀ ńlá méjì."

"Olóyè, níbo ni kí n ti rí ẹja? Ẹ ṣáà rí i pé orí igi ni mò ń gbé."

"Ìyẹn dọwọ́ rẹ. Bí ọbẹ̀ ò bá dé iwájú mi lọ́jọ́ ọdún, n ó sọ fún Kábíyèsí pé ẹmu rẹ ń rùn bí akèrègbè tí wọn ò fọ̀. O mọ ohun tó ń tẹ̀lé e."

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó, ó gbé igbà bàbá rẹ̀ sórí itan, kò lè jẹun. Àwẹ̀ró wò ó títí.

Ó ní, "Baálé mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹja tó fẹ́, màá wá a. Ọbẹ̀ tó fẹ́, màá sè é. Ṣùgbọ́n ahọ́n tó fẹ́ dájọ́ wa, ó yẹ ká dán an wò. Akèrègbè méjì la máa gbé lọ. Ẹmu á wà nínú ọ̀kan, omi orí ògì á wà nínú ìkejì. Omi ògì la máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bu ú mu bí àṣà, ẹ ó sọ fáyé pé ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí òun bá ṣáájú yín tọ́ ọ wò tó sì tu ú dànù, a gbà pé ahọ́n rẹ̀ mọṣẹ́."

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ mọ omi orí ògì. Ó funfun bí ẹmu. Ojú lè ṣì í mọ̀, ahọ́n ni kò gbọdọ̀ ṣì í mọ̀.

Àwẹ̀ró pa ẹja nínú odò, ó sè é. Ata wẹ́wẹ́ tó dà sí i, ẹ̀kúnwọ́ méjì ni.

Ọjọ́ ọdún pé, gbogbo ìlú péjọ sí ààfin. Ọ̀kété rí ọbẹ̀, kò dúró de ẹmu. Ó gbé àwo sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì. Ata gba ahọ́n rẹ̀, ó gba ọ̀fun, ó gba imú. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà. Àwọn ìjòyè bi í pé kí ló dé. Ó ní ayọ̀ oyè ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé akèrègbè omi ògì kalẹ̀, ó dìde kó kọ́kọ́ bu mu bí àṣà ti wí. Ọ̀kété dì í lọ́wọ́ mú. "Jókòó. Ahọ́n Ọba wà níbí, kí la tún fẹ́ fi àṣà àtijọ́ ṣe?" Ó bu ún, ó gbé e mì, ó dijú. "Ẹmu òwúrọ̀ gidi. Ó tutù, ó dùn bí oyin. Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ fi ọbẹ̀ ẹja yìí la ọ̀nà fún un."

Erin mu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ata gun imú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó sín, ewé ya lórí igi. Ó tún sín. Ọ̀fìnkìn jáde, imú là. Kábíyèsí wá rọra ti imú bọ akèrègbè.

"Ọ̀kété."

"Kábíyèsí."

"Ọ̀pẹ wo ni wọ́n ti ń dá omi ògì?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì gbé ẹmu tòótọ́ jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ bu mu lójú gbogbo ènìyàn. Erin mu tẹ̀lé e, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé igbà rẹ̀ lọ sílé, ọ̀pẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀bọ ní, "Ìgbín mi dà?" Ẹdun ní, "Iṣu mi ńkọ́?" Wọ́n lé Ọ̀kété tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú. Ó sá títí, ó gbẹ́ ihò sí ìdí ọ̀pẹ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó wọlé lọ. Ibẹ̀ ló wà dòní. Ojú ń tì í láti jáde lọ́sàn-án. Láràárọ̀, ó ń gbọ́ bí ẹmu ṣe ń kán sínú akèrègbè lókè orí rẹ̀, tó, tó, tó, kò sì mọ igi gùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi ẹnu gba oyè tí ahọ́n rẹ̀ kò mọ̀, ẹnu rẹ̀ náà ni yóò tú u fó. Bí mo bá sì purọ́ mọ́ Ọ̀kété, kí ẹmu tèmi di omi ògì lọ́la.