Bí Ọ̀bọ Ṣe Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tú Wáyà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi tẹ páànù gbàgà, ó já lu Ọ̀bọ àti Àgùntàn. Ẹni tó bá ń pe àgùntàn ní òmùgọ̀, kó sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbé lábẹ́ òrùlé gbọọrọ kan. Ọ̀bọ nìkan ló ní díìṣì, àwo ńlá tó ń gbé àwòrán wá sínú tẹlifíṣàn. Nígbà tó gbé e dé, ó bẹ gbogbo ilé lọ́wẹ̀. Kálukú ra wáyà tirẹ̀, wọ́n jọ fà á gba inú ògiri wọ yàrá. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló yẹ kó fún èèyàn lóúnjẹ, àbí? Ọ̀bọ ò fún wọn lómi mu! Ńṣe ló tún ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó wòran.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé Àwẹ̀ró, ọmọ Àgùntàn tó ti lọ sígboro tipẹ́, máa kọrin lórí tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ni Ọ̀bọ bá dé.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó fún tòní o. Gbogbo àgbàdo inú àká yín ni kẹ́ ẹ kó wá."

"Àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn? Kí la máa wá jẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀yẹn. Láìsí èmi, ta ló lè rí àwòrán?"

Àgùntàn wò ó látòkè délẹ̀. "N ò mú hóró kan wá! N ò ní febi ra ojú ọmọ tí mo bí!"

Inú bí Ọ̀bọ. Ó gun òrùlé, ó fa wáyà gbogbo ilé yọ lára díìṣì, àfi tirẹ̀ nìkan. "Ó yá, ẹ máa wo ògiri! Ẹ ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí!"

Àwọn ará ilé ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àgbàdo náà fún un."

"Èmi kẹ̀?" Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ká aṣọ kúrò lórí èríà bàbá ọkọ rẹ̀, irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń gba àwòrán tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti sọ di ibi ìsáṣọ. "Inú afẹ́fẹ́ ni tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ ń gbà wá. Ọ̀fẹ́ ni. Wáyà sì ti wà nínú ògiri. Ta ló fà á?"

"Àwa ni!"

Àkùkọ fò sórí òrùlé. Ó na èríà sókè lórí ọparun, ó so wáyà gbogbo ilé mọ́ ọn.

"Ṣé ó ti mọ́?"

"Ó ṣì ń ṣe wúruwùru! Kọ ojú rẹ̀ sígboro!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Dúró bẹ́ẹ̀! Má mí!"

Àwẹ̀ró yọ kedere. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Gbogbo yàrá ló hó yèè.

Ọ̀bọ ń wá Àwẹ̀ró kiri lórí tẹlifíṣàn tirẹ̀, kò rí i. Díìṣì rẹ̀ ò tiẹ̀ gba tìpínlẹ̀ rárá! Ojú gbogbo ilé wá là. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un mọ́. Nígbà tí ebi àti ìdáwà sú u, ó wá kan ilẹ̀kùn Àgùntàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n wòran díẹ̀."

"Wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wàá jókòó sí."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí a jọ fọwọ́ wa ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀rù gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó dìde kó pa tirẹ̀.