Ife Tó Kún Dẹ́nu

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Usibẹ́kì, tíì ló ń tà. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni ìwé Mirzohid. Mirzohid yìí, ọmọ àwọn tí ń já òwú ni. Ó bá wọn gbẹ́ ipa omi ìjọba títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kó tó di òǹkọ̀wé. Ìtàn tó sọ ọ́ di ọ̀tá ìjọba ni ti abúlé kan tí wọ́n fipá gbin òwú dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí ọmọ àgbẹ̀ sì ń febi sùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni onítíì ń kà á sókè fún àwọn oníbàárà.

Ní ìlú yẹn, bí tíì tí wọ́n bù fún ọ bá ṣe kéré tó ni iyì rẹ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ń bu díẹ̀ kí o lè máa gba òmíràn, kí o sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bù ún kún dẹ́nu, wọ́n ti lé ọ nìyẹn. Èébú ńlá ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba méjì dé láti òkèèrè, wọ́n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé onítíì. Orúkọ Mirzohid ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ojú rẹ̀. Wọ́n sọ sí onítíì létí pé, "Bó bá dé, pe orúkọ rẹ̀ kí a gbọ́. Bí o bá kìlọ̀ fún un, ìwọ la ó mú."

Kò pẹ́ sí i, Mirzohid wọlé.

Onítíì gbé ìkòkò tíì. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Àlejò ni àwọn wọ̀nyí, wọn kò mọ àṣà wa. Bí mo bá bù ún kún, yóò bínú lọ." Ó wo irùngbọ̀n funfun bàbá náà, ó wo àwọn tó jókòó. Ta ni yóò ṣe irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣojú ìlú? Ó bu díẹ̀. Ó tẹríba. Mirzohid nasẹ̀, ó mu ún tán, ó tún na ife sí i. Onítíì tún bu díẹ̀. Òógùn bò ó. Ẹnikẹ́ni ló lè pe orúkọ náà; àgbẹ̀ kan ní igun ilé ti gbé ọwọ́ sáyà láti kí òǹkọ̀wé náà.

Ahunṣọ kan wà níbẹ̀ tí kì í yin Mirzohid rí. Iyàn ni wọ́n máa ń bá ara wọn jà. Ó ti rí i bí àwọn àlejò ṣe sọ̀rọ̀ sí onítíì létí, tí ojú onítíì sì yí padà. Ó dìde, ó já ìkòkò gbà, ó bu ife náà kún títí tíì fi ṣàn sí itan bàbá.

"Gbà, mu ún!" ló wí. "O ti sú wa. Àbí o ò nílé ni?"

Àgbẹ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mirzohid wo ife, ó wo ahunṣọ. Wọ́n ti ń jiyàn tipẹ́, ahunṣọ kò lé e rí. Ó fura. Ó gbé ife náà sílẹ̀ láìmu ún, ó jáde.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni bàbá yẹn?"

"Aláròyé kan ni," ni ahunṣọ dá a lóhùn. "Tíì a máa tutù mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀."

Nígbà tí wọn yóò fi mọ̀, Mirzohid ti ré òkè kọjá. Ahunṣọ ni wọ́n mú lọ. Lẹ́yìn odi ni òǹkọ̀wé náà ti kọ èyí tó dára jù nínú ìwé rẹ̀. Ìwé náà tẹ onítíì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè kà á sókè. Bó bá ti ṣí i, a tún pa á dé.

Ó dáa, ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀. O ní o fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ. O rí ọ̀nà tó ń tọ̀, o mọ ibi tó já sí, o sì ń wí pé àgbà ni, o kò lè là á mọ́ ọn lójú. Ìbẹ̀rù lò ń pè ní ọ̀wọ̀ yẹn. Mo ti rin ọ̀nà púpọ̀. N kò tíì rí ibi tí ìdọ̀bálẹ̀ ti fa ènìyàn yọ nínú kòtò. Lọ bá a lónìí. Jẹ́ kó bú ọ. Bó bá wù ú, kó má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Kó ṣáà wà láàyè láti máa bínú sí ọ.